Oyè Keje Lórí Ẹ́ńjìnnì

Ẹ bá mi wá àga kan kí n jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò ṣeé fi ìdúró sọ. Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀ ni. Tí ọkọ̀ yín bá ti pé ọdún kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ó gbé e lọ kó tó lè rí títì rìn. Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá Àgbà" ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Gèlètè ni wọ́n ń pè é, nítorí ìrìn rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ dé ìdí tábìlì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n tí Gèlètè bá ń rìn ín, ẹ lè mu tíì kan tán kó tó débẹ̀.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Kì í mú nǹkan ẹlòmíràn, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìyìn ló kàn fẹ́ràn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, tó bá sín, tí gbogbo ọ́fíìsì ò sì jọ kígbe "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà!" lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dúró díẹ̀, yóò wò yí ká, yóò sì tún un sín.

Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ kó tó kú, ọkọ̀ dúdú tí imú rẹ̀ gùn. Ọdún méjìlélógún ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ àtíbàbà tí adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Nígbà tí Gèlètè jókòó sípò, ó ní kí wọ́n tún un ṣe kó dà bí ìgbà tó jáde nílé-iṣẹ́. Ìyá Sípánà ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì fún. Opó ni obìnrin yìí, ọkọ rẹ̀ ló fi ọgbà mẹkáníìkì sílẹ̀ fún un, ènìyàn mẹ́rin ló sì ń jẹun níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Oṣù mẹ́jọ ló fi tú ẹ́ńjìnnì náà, tó fọ̀ ọ́, tó tò ó padà. Lọ́jọ́ tó wà á jáde nínú ọgbà, ó ní ọkọ̀ náà fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí ọkọ̀ ṣe dé, Gèlètè pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì ṣòfin.

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sídìí sítiárì yìí àfi èmi. Àga yìí kì í ṣe àga ìjókòó. Àga ipò ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, pàtẹ́wọ́ títí ó fi ń jẹ ẹ́ lára. Ẹni tọ́rọ̀ náà ká lára ni Bàbá Awakọ̀, tó ti ń wa ọ̀gá láti ọdún mọ́kàndínlógún. Awakọ̀ tí kò gbọdọ̀ wakọ̀, kí ni yóò máa ṣe? Wọ́n ní kó máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá. Tí ọ̀gá bá ti yí jíà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ pé, "Ó wọlé, sà." Owó oṣù rẹ̀ ò dín kù, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ iṣẹ́ náà fún ìyàwó rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òkè kan wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ìwé gbọ́dọ̀ gùn ún. Níbòmíràn, aago ni wọn ì bá fi wọn àkókò. Gèlètè ní aago kò níyì. Oyè rẹ̀ ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ni-Sà yóò dúró sí ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò máa ka oyè ọ̀gá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí kò bá dé orí òkè kí oyè tó tán, ó kùnà nìyẹn.

Oyè mẹ́fà ni nígbà náà. Ojú Títì. Atọ́nà Gbogbo Táyà. Baba Bíréèkì. Olùṣọ́ Oríta. Ẹni Tí Hóònù Ń Bẹ̀rù. Aláṣẹ Iná Pupa àti Iná Àwọ̀ Ewé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi í jẹ ọ̀kan.

Ọkọ̀ tó bá sì kùnà, fọ́ọ̀mù kan wà fún un tí Gèlètè fúnra rẹ̀ ṣe. Fọ́ọ̀mù Ẹlẹ́bi lorúkọ rẹ̀. "Ọkọ̀ kì í ṣàdédé kùnà," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e jáde. "Ènìyàn ló ń mú un kùnà. Mo fẹ́ mọ ẹni náà! Kó kọ orúkọ ara rẹ̀, lọ́wọ́ ara rẹ̀, sínú àpótí yìí!" Tó bá jẹ́ mẹkáníìkì lorúkọ rẹ̀ wọbẹ̀, wọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, wọn yóò ti ọgbà rẹ̀ pa fún ọdún kan. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹnu géètì ni yóò lọ dúró sí fún ọdún kan, tí yóò máa ṣílẹ̀kùn.

Àwọn onímọ́tò tí ọkọ̀ wọn ti gbó wá rí i pé ìyà ń jẹ àwọn. Ọkọ̀ wọn kì í tíì kọjá àárín òkè tí wọ́n á ti ka oyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Wọ́n ṣèpàdé. Wọn kò tún ọkọ̀ kankan ṣe. Wọ́n fi oyè keje jẹ Gèlètè ni! Wọ́n fara balẹ̀ to oyè náà, wọ́n sì fi aago dán an wò kí wọ́n tó gbé e wá: Ìràwọ̀ Gbangba-Títì Tó Ń Tàn Lọ́sàn-án Tó Ń Tàn Lóru Tí Ìkùukùu Kankan Kò Lè Bò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ ló ń gùnkè. Mo ti rí èyí tí ó dúró mí lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, tó sì tún yege.

Inú Gèlètè dùn dé góńgó. Páànù idẹ kan wà tí wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí, orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́, kí ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè kà á. Oyè keje kò gba inú páànù àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà lọ ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ, tó sì wúwo. Nítorí ìwúwo rẹ̀, bóòtù kéékèèké tí wọ́n fi dè é tẹ́lẹ̀ ò lè gbé e mọ́. Ó wá àwọn bóòtù gígùn, ó lu ihò tuntun sí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó sì dè é gírígírí. Kò pe Ìyá Sípánà. Nígbà tó ṣe èyí tán, ó rò ó pé kò tíì tó, ó sì fi ẹ̀bùn tirẹ̀ lé e: kápẹ́ẹ̀tì pupa tó nípọn, ìpele mẹ́ta, ó tẹ́ ẹ síbi tí ọ̀gá ń gbé ẹsẹ̀ sí. "Kí ẹsẹ̀ yín má baà kan irin, sà."

Ẹ rántí bóòtù yẹn. Ẹ rántí kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Èmi ò sọ nǹkan kan o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Gèlètè ṣáná sí ọkọ̀. Tá-tá-tá-tá-tá! Ariwo kan ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ tọ́rótù, irin ìtẹ̀sẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọkọ̀ náà sì rọra ń fà lọ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kí i, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀.

Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ariwo náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìgbìmọ̀ fi jókòó, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n mu omi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló ka àbọ̀ wọn.

"Sà, a ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ariwo kọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì náà ń pàtẹ́wọ́ fún yín ni, sà. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ oyè keje, kò lè mú un mọ́ra."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé ẹ rò pé ọkùnrin náà bínú? Omijé ayọ̀ ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń pàtẹ́wọ́, kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá wà nítòsí bá a pàtẹ́wọ́. Báyìí ni àwọn àgbàlagbà ènìyàn ṣe ń dúró lójú fèrèsé láràárọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọkọ̀.

Ìgbà tí ìròyìn dé pé Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́ ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò ni ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n ní ọ̀gá yìí fẹ́ mú ẹnì kan ṣe olórí gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pátá. Gèlètè sì ti pinnu pé òun ni yóò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ bàbá òun gun òkè níwájú rẹ̀. Ó dán an wò níkọ̀kọ̀. Ọkọ̀ kò kọjá ìdajì. Ó mú Bàbá Awakọ̀, ó ní òun ló ń sọ "Ó wọlé, sà" ní ohùn tí kò dáa, ó fún un ní Fọ́ọ̀mù Ẹlẹ́bi. Bàbá arúgbó náà kọ orúkọ rẹ̀, ó sì lọ sẹ́nu géètì. Ọkọ̀ náà kò tún gun òkè síbẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ìyá Sípánà.

Ó dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí páànù idẹ, ó wò ó títí.  Ó na ọwọ́ sí kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, ó fi ìka fa wáyà tọ́rótù. Ẹ́ńjìnnì náà bú jáde gààà!

"Agbára wà nínú rẹ̀, sà," ó ní. "Tí mo bá fọwọ́ fà á, ó ń jẹ́ mi dáadáa. Ṣé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀?"

"Mò ń tẹ̀ ẹ́ títí kò fi níbi tó ń lọ mọ́!" Òótọ́ ló sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ kí n fẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ìṣẹ́jú kan péré."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà fò dìde. "Háà! Ìyá! Níbo lẹ fẹ́ jókòó sí?"

"Ó dáa, mo ti gbọ́. Ariwo yìí ńkọ́? Abẹ́ ìdérí yìí ló ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n tú páànù yìí kúrò kí n lè ṣí i."

Gèlètè fi ọwọ́ gbáyà. "Ta ló máa fi sípánà tú orúkọ mi? Ìyá Sípánà, ìwọ lo tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe. Tí kò bá gun òkè lọ́jọ́bọ̀ tí Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́ ń bọ̀, orúkọ rẹ ló máa wọ fọ́ọ̀mù. Ó tán."

Obìnrin náà dé ilé, kò lè jẹun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà rẹ̀, ó ń wo láísẹ́ǹsì tí ọkọ rẹ̀ fi férémù dì sára ògiri. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ kúkú kọ orúkọ yín, ká lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà." Ó ní, "Mi ò ní kọ ọ́. Mi ò ba ọkọ̀ jẹ́ rí láyé mi." Ẹ̀rù sì ń bà á gidi gan-an.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n ta àsíá, wọ́n to àga. Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́ dé, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì, tó wọ bọ́ọ̀sì wá. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò mọ̀ ọ́n, ó ti fẹ́ lé e kúrò lórí àga kí Bàbá Awakọ̀ tó sáré wá láti géètì sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Lára àwọn tó wá wòran ni ẹ̀gbọ́n Gèlètè obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni àádọ́rin ọdún. Òun ni bàbá wọn kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yẹn kọ́ ní wíwà.

Gèlètè gorí pèpéle. "Kì í ṣe ọkọ̀ lẹ ń wò yìí!" ó ké. "Ìtàn lẹ ń wò! Ẹ́ńjìnnì yìí, ìwà mi ló ní! Òkè yìí, ó mọ̀ mí! Ẹ má ṣẹ́jú o, torí kí ẹ tó là á, mo ti débẹ̀!"

Ó jókòó sí àga ipò. Ó tẹ tọ́rótù. Tá-tá-tá-tá! Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?" ni Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́ béèrè.

"Ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, sà," ni ẹni tó jókòó tì í fèsì.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń ka oyè. Ó ka ìkíní, ó ka ìkejì, ọkọ̀ ṣì ń bẹ nídìí òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ náà. "Baaaba... Bíréèèkì..." Ó húkọ́. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó dé oyè keje, ó kà á tán, ó tún un kà bíi pé òun ò rí i dáadáa, ó mu omi. Ní àárín òkè, ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tá... tá... tá... títí Gèlètè fi rántí bíréèkì.

 Gèlètè jáde, òógùn bò ó.

"Fọ́ọ̀mù!" ó ké. "Ìyá Sípánà dà?"

Wọ́n mú obìnrin náà wá síwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù àti bírò lé e lọ́wọ́. 

"Mi ò ní kọ ọ́, sà," ó ní. "Ẹ gba láísẹ́ǹsì náà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n jókòó sídìí sítiárì."

"Láéláé! Àga ipò ni—"

"Jòjòló."

Ohùn kan ló fi orúkọ tí wọ́n fi ń ké Gèlètè ní kékeré pè é látàárín èrò. Gèlètè yíjú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bọ̀, ó mú báàgì rẹ̀ dání.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ la wà..."

"Mo mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni. Jòjòló, yẹra lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn kí n wọlé. Àbí o fẹ́ sọ fún èmi pé n ò gbọdọ̀ jókòó nínú ọkọ̀ bàbá mi?"

Òfin wà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe èyí tó de ẹ̀gbọ́n ẹni. Gèlètè yẹra. Màmá náà jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó bojú wolẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ò dé ìsàlẹ̀. Kí ló wà níbí? Mátíréèsì ni?"

Ìyá Sípánà ti kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fa kápẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde, ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta, ó tò wọ́n jọ sẹ́bàá títì. Lẹ́yìn náà ló tẹ irin náà, ó sì wọlẹ̀ dáadáa.

"Ìdajì lẹ ti ń tẹ̀ látọjọ́ yìí, sà," ó ní. "Kápẹ́ẹ̀tì lẹ rò pé ó jẹ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ fà á lọ́jọ́sí, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ní kí n jókòó síbẹ̀ nìyẹn."

Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú páànù idẹ, ó gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì sókè, ó sì yọ bóòtù kan jáde níbi tí oyè keje wà. Ó gùn tó ìka àárín. Ẹnu rẹ̀ ti tẹ́, ó ń dán. Ó gbé e lọ fún Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́.

"Abẹ́ ìdérí yìí, sà, àwọn irin kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sókè sódò tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bóòtù yìí gùn débi tí wọ́n fi ń lù ú. Ariwo náà nìyẹn."

"Kí ni bóòtù gígùn ń wá níbẹ̀?"

"Oyè ló pọ̀, sà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó fi húkọ́ bò ó. Ìyá Sípánà fi bóòtù kúkúrú dí àwọn ihò náà, ó de ìdérí padà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá wà nídìí sítiárì, òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gèlètè ní láti wọ ẹ̀yìn, páànù idẹ wà lórí itan rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì pupa wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Máa kà," ni Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́ sọ fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà. "Kà á bó ṣe yẹ."

Ọkọ̀ gbéra. Kò sí tá-tá kankan. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ka Ojú Títì, ó ka Atọ́nà Gbogbo Táyà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu fún Baba Bíréèkì ni hóònù ti dún lórí òkè. Màmá náà tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ó wù ú.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, àwọn onímọ́tò ń hó. Gèlètè náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ọ̀gá Olú-Iléeṣẹ́ na fọ́ọ̀mù sí i.

"Ọkọ̀ kùnà lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ta ló ṣe òfin yìí?"

"Èmi... èmi ni, sà."

"Òfin tó dáa ni. Ọkọ̀ kì í ṣàdédé kùnà. Ẹ kọ ọ́."

Ó wo Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń wo bàtà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kọ ọ́, Jòjòló," ni ẹ̀gbọ́n náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò fi ṣẹ̀sín rárá. Ó wo ọ̀nà géètì, níbi tí Bàbá Awakọ̀ ti ń bọ́ fìlà géètì lórí díẹ̀díẹ̀. Ó wo Ìyá Sípánà, tó ń yọ bírò náà jáde nínú àpò. Obìnrin náà nu bírò náà mọ́ aṣọ rẹ̀ kó má baà fi epo yí i lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni Gèlètè sọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi obìnrin náà.

Ó tẹ̀ ba, ó fẹ́ kọ oyè àkọ́kọ́. Àpótí inú fọ́ọ̀mù náà kò gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é kékeré, nítorí irú àwọn ènìyàn tó rò pé wọ́n máa kọ orúkọ síbẹ̀.  Ó fa ilà sórí ohun tó kọ. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, láìfi oyè kankan kún un.

Gbogbo òṣìṣẹ́ na ọrùn wò ó, torí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ náà láti ọdún yìí wá. Orúkọ kúkúrú ni. Ó gba inú àpótí náà, àyè sì ṣẹ́kù.